Bí ẹ ṣe lè wo fíìmù Blu-ray lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká láìfi owó ṣòfò

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ènìyàn yóò ra dráìfù Blu-ray, yóò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, yóò ti díìsìkì bọ̀ ọ́ nínú, dráìfù náà yóò sì máa yí, ṣùgbọ́n àwòrán kankan kò ní jáde. Bí ó bá gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún un ní Ìwó Road, ọlọ́jà yóò ní ọjà òun kò ní àléébù, oníbàárà yóò ní irọ́ ni, àríyànjiyàn yóò sì gbóná, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Fíìmù Blu-ray máa ń gba ọwọ́ mẹ́rin kọjá kí ó tó dé ojú ẹni: díìsìkì fúnra rẹ̀, dráìfù tó ń kà á, áàpù tó ń ṣí i, àti ojú tí a ń gbé e sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè kọ iṣẹ́, kò sì sí èyí tó máa ń ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa nígbà tó bá kọ̀. Nítorí náà, ìlànà tí ìtọ́sọ́nà yìí tẹ̀ lé ni pé kí ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ má sì náwó lé èyí tó kàn títí ẹ ó fi rí i pé èyí tó ṣáájú ti yege.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Windows 10 tàbí Windows 11, tí pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ Intel Core ìran kejì, èyí tó jáde ní ọdún 2011, tàbí ìran tó tún jáde lẹ́yìn rẹ̀, tí RAM rẹ̀ kò sì dín ní 4 GB. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó wà lórí àtẹ ní Ìbàdàn ti kọjá ìwọ̀n yìí, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín sí ríra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí fíìmù. Ẹ ó tún nílò dráìfù Blu-ray tí à ń so mọ́ ihò USB, áàpù tó ní àṣẹ láti ṣí Blu-ray, dátà íntánẹ́ẹ̀tì, ṣájà kọ̀ǹpútà yín, àti aṣọ rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń nu awò ojú. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àwòrán sí orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi okùn HDMI kún un.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ohun èlò, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù lọ: ojúlówó díìsìkì Blu-ray kan tí ẹ ti fi ojú ara yín rí pé ó ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Bí ẹ kò bá ní, ẹ yá a. PlayStation 4 tó ní ojú ihò díìsìkì máa ń ka Blu-ray, ó sì ṣòro kí ẹ má mọ ẹnì kan tó ní i ní àdúgbò yín. Ẹ wo fíìmù náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó mú un kúrò. Láìsí díìsìkì tí ẹ fọkàn tán, ẹ kò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Windows ni mo dojú kọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Mac kò ní ohun tó ń ṣí Blu-ray nínú ara rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní i yóò ra áàpù ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà yóò tẹ̀ lé àwọn ìpele wọ̀nyí bó ṣe bá a mu.

Ìpele kìíní: Ẹ mọ irú díìsìkì tó wà lọ́wọ́ yín

DVD, Blu-ray àti 4K Ultra HD Blu-ray jọ ara wọn lójú, nítorí pé sẹ̀ǹtímítà 12 ni fífẹ̀ gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n lè gbà sínú ló yàtọ̀. DVD máa ń gba 4.7 GB tàbí 8.5 GB, Blu-ray máa ń gba 25 GB tàbí 50 GB, ti 4K sì lè gbà tó 100 GB. Páálí aláwọ̀ búlúù ni wọ́n sábà máa ń fi ojúlówó Blu-ray sí, dúdú sì ni ti 4K.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn díìsìkì ẹ̀gbẹ́ títì, èyí tí wọ́n kọ “HD” tàbí “Blu-ray” gàdàgbà sí lára bébà, tí fíìmù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo. DVD ni wọ́n. Bí ẹ̀rọ DVD àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ yín bá lè gbé e, kì í ṣe Blu-ray, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ pupa ni ẹ̀rọ DVD fi ń kàwé, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó tín-ín-rín jù ú lọ sì ni Blu-ray nílò. Kò sí bí ti àkọ́kọ́ ṣe lè ka ti ìkejì.

Ìkìlọ̀ kejì ló máa ń jẹ owó jù, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á: ẹ má ṣe ra díìsìkì 4K nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ní fíìmù béèrè fún ààbò kan tí Intel ń pè ní SGX nínú pírósẹ́sọ̀. Core láti ìran keje títí dé ìkẹwàá ni ó ti ṣeé lò fún 4K, ṣùgbọ́n Intel yọ ọ́ kúrò láti ìran kọkànlá, AMD kò sì fi í sínú tirẹ̀ rí. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ fi owó ńlá rà lónìí kò ní lè ṣe ohun tí tòkunbọ̀ ọdún 2018 lè ṣe. Kódà fún tòkunbọ̀ náà, dráìfù gbọ́dọ̀ ní àmì 4K Ultra HD lára, ojú tí ẹ fẹ́ fi wò ó sì gbọ́dọ̀ gba HDCP 2.2, àdéhùn ààbò àwòrán tí màá ṣàlàyé ní ìpele kẹfà. Ní tèmi, wàhálà náà kò tó ohun tí ènìyàn yóò rí lójú kọ̀ǹpútà kékeré. Bí ẹ bá ti ra páálí 4K ná, ẹ tú u wò dáadáa. Wọ́n sábà máa ń fi díìsìkì Blu-ray lásán sí ẹ̀gbẹ́ ti 4K nínú páálí kan náà, òun sì ni kí ẹ lò.

Ìkìlọ̀ kẹta ni ti ẹkùn. Wọ́n pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta fún Blu-ray: A ni Amẹ́ríkà, Japan àti Kòríà, B ni Yúróòpù, Áfíríkà, Australia àti Ààrin Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, C sì ni China, Rọ́ṣíà àti Íńdíà. Nàìjíríà wà ní B. Díìsìkì tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti London yóò bá ètò ibí mu, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbọ́n yín rà ní Houston lè jẹ́ ti A nìkan. Àwọn díìsìkì kan wà tí wọ́n ṣe fún gbogbo ẹkùn, wọ́n á sì kọ A, B àti C sí ẹ̀yìn páálí. Ẹ sọ fún ará ilé tó wà lókè òkun kí ó wo lẹ́tà náà kí ó tó rà, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹrù bá ti dé Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó máa rán an padà.

Àyẹ̀wò: ẹ yí páálí sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí àmì Blu-ray Disc, iye 1080p, àti lẹ́tà B tàbí gbogbo lẹ́tà mẹ́ta, ìpele yìí ti yege. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí PlayStation tí mo mẹ́nu bà.

Ìpele kejì: Ẹ dán dráìfù wò kí ẹ tó sanwó

Dráìfù tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, àti ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún síso láti ìta, DVD nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé “gbogbo díìsìkì ló ń kà” láìní ète burúkú, nítorí pé gbogbo díìsìkì tí òun fúnra rẹ̀ ti fi sí i ló kà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu ra dráìfù. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín àti díìsìkì tí ẹ fọkàn tán dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, yálà Ìwó Road ni tàbí Agbowó, kí ẹ sì ṣe nǹkan mẹ́ta lójú ọlọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara dráìfù náà. Lẹ́tà BD gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, bí àpẹẹrẹ BD-ROM, BD-RE tàbí BD Combo. Bí ó bá jẹ́ DVD-RW nìkan ni wọ́n kọ, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku lórí Start, kí ẹ mú Device Manager, kí ẹ sì ṣí ìlà tí wọ́n pè ní DVD/CD-ROM drives. Orúkọ dráìfù yóò hàn níbẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù bí orúkọ náà bá yàtọ̀ sí ti ara páálí; HL-DT-ST, fún àpẹẹrẹ, ni orúkọ tí dráìfù LG máa ń jẹ́ níbẹ̀. BD ni kí ẹ máa wá nínú orúkọ náà. Àyẹ̀wò yìí dára ju ti ara páálí lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè lẹ bébà mọ́ ike, ṣùgbọ́n dráìfù fúnra rẹ̀ ló ń sọ èyí fún Windows.

Níkẹyìn, ẹ ti díìsìkì bọ inú rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ ṣí This PC, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku lórí dráìfù náà, kí ẹ sì mú Open. Ẹ ó rí fódà tí wọ́n pè ní BDMV. Nínú rẹ̀ ni fódà STREAM wà, níbi tí àwọn fáìlì ńláńlá tí orúkọ wọn parí sí .m2ts pọ̀ sí.

Ibí yìí gan-an ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà yóò tẹ ọ̀kan nínú àwọn fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, fíìmù kò ní ṣí, yóò sì parí èrò sí pé dráìfù kò dára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ètò ààbò kan tó ń jẹ́ AACS ti fíìmù pa, gẹ́gẹ́ bí ilé tí géètì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ti àgádágodo mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá. Iṣẹ́ dráìfù ni láti mú yín wọ géètì. Áàpù ló ń ṣí yàrá. Bí ẹ bá ti rí BDMV àti àwọn fáìlì inú rẹ̀, dráìfù ti ṣe ojúṣe tirẹ̀, ẹ lè sanwó fún ọlọ́jà.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku lórí dráìfù náà, kí ẹ mú Properties, kí ẹ wo iye tí díìsìkì gbà. Ojúlówó fíìmù sábà máa ń lé ní 20 GB. Bí ó bá jẹ́ 4.37 GB tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, DVD ni ẹ fi dán an wò, àyẹ̀wò náà kò sì tíì jẹ́ àyẹ̀wò.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi ọlọ́jà bóyá díìsìkì áàpù tàbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wà nínú páálí. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fi áàpù tó ń ṣí Blu-ray sí i, èyí tó lè dín ìnáwó yín kù. Bí wọ́n bá ti tú páálí náà rí, ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹlòmíràn ti lo nọ́ńbà náà.

Ìpele kẹta: Ẹ fún dráìfù ní iná tó tó o

Inú ihò USB ni dráìfù kékeré ti ń gba iná. Ihò USB 2.0 ń fúnni ní mílíámpìà 500, ti USB 3.0 sì ń fúnni ní 900. Blu-ray máa ń fẹ́ ju DVD lọ, pàápàá nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí iná kò bá tó, ẹ ó gbọ́ tí dráìfù ń ṣe “ká, ká”, yóò yí, yóò dúró, Windows yóò sì máa dún bí ìgbà tí a so nǹkan mọ́ ọn tí a sì tú u léraléra.

Ẹ so ó mọ́ ihò USB 3.0, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Bí okùn olórí méjì bá bá dráìfù náà wá, ẹ ki orí méjèèjì bọ inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí wọ́n rò pé kò wúlò, bẹ́ẹ̀ iná ni ìkejì ń gbé. Ẹ má ṣe gba orí àpótí USB tó ń pín ihò kan sí mẹ́rin kọjá, àyàfi bí ó bá ní ṣájà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ìjọba tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ bátìrì tòkunbọ̀ ti rẹ̀, fíìmù Blu-ray sì ń lo iná ní ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: dráìfù, àwòrán àti ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní àárín fíìmù, kọ̀ǹpútà lè dín agbára rẹ̀ kù láti tọ́jú bátìrì, àwòrán yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹni tó ní ínfátà ni kí ó so ṣájà mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ tó ki ṣájà bọ ojú iná, bí ẹ bá sì ní sìtábíláísà, ẹ gba orí rẹ̀ kọjá.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí díìsìkì wà nínú dráìfù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ máa ṣí fódà BDMV, kí ẹ máa pa á dé. Bí fódà náà kò bá pòórá lójijì, tí Windows kò sì dún, iná tó.

Ìpele kẹrin: Ẹ fi áàpù tó ní àṣẹ sí i

Windows 10 àti 11 kò ní ohun tó ń ṣí fíìmù Blu-ray. Windows Media Player kò lè ṣí i, áàpù fíìmù mìíràn tó bá Windows wá kò sì lè ṣí i. VLC, tí gbogbo ayé fẹ́ràn, tí ó sì yẹ kí wọ́n fẹ́ràn, kì í ní kọ́kọ́rọ́ AACS nínú bí ẹ ṣe gbà á, nítorí náà ojúlówó díìsìkì yóò mú kí ó kọ ìkìlọ̀ síta, kò sì ní gbé e. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé VLC ń gbé Blu-ray tòun, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ díìsìkì tí wọn kò tì ló ń lò, irú èyí tí oníṣẹ́ fídíò kan dà sí díìsìkì fún ìyàwó àti ọkọ.

Áàpù tí wọ́n mọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni CyberLink PowerDVD. Ẹ ṣọ́ra nípa ẹ̀dà rẹ̀: èyí tí wọ́n pè ní Standard kì í ṣí Blu-ray, Ultra ló ń ṣí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, wọ́n sì ń bú dráìfù. Corel náà ní WinDVD, ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa bóyá ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ rà ń gbé Blu-ray. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sábà máa ń gbà, nítorí náà, ẹ bi ilé ìfowópamọ́ yín ṣáájú bóyá káàdì náírà yín lè san án.

Ìkìlọ̀: ẹnì kan yóò fẹ́ fi fíláàṣì dà PowerDVD tí wọ́n ti fọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ti jí ṣí láìsanwó, fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yàgò fún un. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù nípa kòkòrò kọ̀ǹpútà tó máa ń bá irú rẹ̀ rìn, nítorí pé ìdí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Kọ́kọ́rọ́ AACS tó wà nínú áàpù máa ń lọ́jọ́. Bí ọjọ́ bá ti pé, tàbí bí ẹ bá fi fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí i, áàpù yóò béèrè pé kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n fọ́ kò lè gbà á, nítorí pé iléeṣẹ́ yóò mọ̀ ọ́n. Yóò máa ṣiṣẹ́ lórí fíìmù àtijọ́, yóò sì dákẹ́ lórí tuntun, ẹ ó sì tún máa fura sí díìsìkì tó jẹ́ aláìṣẹ̀.

Bí ẹ ti ń fi áàpù náà sí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ ṣí áàpù náà, kí ẹ jẹ́ kí ó gba ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó fi díìsìkì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sínú ètò rẹ̀, kí ẹ wo ẹkùn tí ó wà lórí rẹ̀, kí ẹ fi í sí B. PowerDVD kì í jẹ́ kí a pààrọ̀ ẹkùn ju ìgbà márùn-ún lọ, lẹ́yìn èyí yóò dúró sí ibi tó bá wà. Ẹ má ṣe máa yí i sí A lónìí nítorí díìsìkì Houston, kí ẹ tún dá a padà sí B lọ́la. Bí ẹ bá mọ̀ pé púpọ̀ nínú fíìmù tí ẹ ó máa gbà yóò ti Amẹ́ríkà wá, ẹ pinnu bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì dúró tì í.

Àyẹ̀wò: ẹ fi díìsìkì tí ẹ fọkàn tán sí i. Ojú ewé tí a ti ń yan ìran àti èdè yóò jáde. Ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, kí ẹ fò lọ sí àárín, kí ẹ tún fò lọ sí òpin, nítorí díìsìkì tí wọ́n kọ fíìmù sí abala méjì tó wà lórí ara wọn lè dára ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó sì dákú nígbà tí dráìfù bá kọjá sí abala kejì.

Ìpele karùn-ún: Ẹ mú àwòrán àti ohùn dúró dáadáa

Àwòrán Blu-ray jẹ́ píksẹ́lì 1920 ní ìbú, 1080 ní òró. Ẹ lọ sí Settings, System, Display, kí ẹ wo iye tó wà níwájú Display resolution. Ojú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò ju 1366 sí 768 lọ, èyí tó jẹ́ bí ìdajì péré nínú ohun tó wà lórí díìsìkì. Fíìmù yóò ṣì dára ju DVD lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé owó yín kò tíì ṣiṣẹ́ tán títí ẹ ó fi gbé e sí tẹlifíṣọ̀n.

Bí àwòrán bá ń fà, tí ẹnu àwọn òṣèré kò sì bá ohùn wọn mu, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ láti ṣí Task Manager, kí ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ GPU. Níbi tí wọ́n kọ Video Decode sí, ìlà yẹ kó máa gbéra nígbà tí fíìmù ń lọ. Bí ó bá sùn gbalaja sílẹ̀, tí CPU sì ń sún mọ́ 100%, pírósẹ́sọ̀ nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ lọ sínú ètò áàpù, kí ẹ tan hardware acceleration, kí ẹ sì gba ètò káàdì àwòrán tuntun láti ìkànnì ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n fi Windows tuntun sí lẹ́nu kíá ní ṣọ́ọ̀bù láìfi ètò yìí kún un.

Ti ohùn rọrùn. Ẹ̀dùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé orin ń pariwo ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò jáde. Ohùn tí wọ́n ṣe fún sípíkà mẹ́fà ni ẹ ń tú sínú méjì. Nínú ètò ohùn áàpù, ẹ yan sípíkà méjì tàbí íàpíìsì, ọ̀rọ̀ ẹnu yóò sì padà síwájú.

Ìpele kẹfà: Ẹ gbé e sí tẹlifíṣọ̀n tàbí purojẹ́ktọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó lójú kọ̀ǹpútà nìkan lè fo ìpele yìí. Fún àwọn yòókù, ohun kan ni kí ẹ mọ̀: gbogbo ohun tó wà láàrin kọ̀ǹpútà àti ojú ìwòran gbọ́dọ̀ gba HDCP, ìyẹn àdéhùn ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àwòrán náà sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà. HDMI ń gbé HDCP. VGA, ihò àwòrán ti ìgbà àtijọ́, kò lè gbé e. Purojẹ́ktọ̀ àtijọ́ tí ẹ yá lọ́wọ́ ìjọ, tó jẹ́ pé VGA nìkan ló ní, yóò gbé àwòrán ojú Windows láìsí ìyọnu, ṣùgbọ́n bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, áàpù lè kọ̀ kí ó sì kọ ìkìlọ̀ síta. Ohun kékeré tó ń sọ HDMI di VGA kò ní ràn yín lọ́wọ́. Bákan náà ni áàpù tó ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, tàbí èyí tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn wo ojú kọ̀ǹpútà yín láti òkèèrè, lè dí fíìmù lọ́wọ́. Ẹ pa gbogbo wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ so okùn HDMI tààrà láti kọ̀ǹpútà sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n náà kí ẹ tó ṣí áàpù, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti P, kí ẹ sì mú Second screen only. Mo yan èyí ju Duplicate lọ, nítorí pé bí ẹ bá lo Duplicate, ojú méjèèjì lè jọ lo ìwọ̀n èyí tó kéré jù, 1366 yín yóò sì tún bá yín dé orí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àmì sípíkà tó wà ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ yan orúkọ tẹlifíṣọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn yóò máa jáde láti ara kọ̀ǹpútà.

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní USB-C nìkan yẹ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán. Ẹ wá àmì DisplayPort tàbí ti Thunderbolt lẹ́bàá ihò náà, tàbí kí ẹ dán ohun ìsopọ̀ náà wò ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹ ti ṣe fún dráìfù.

Àyẹ̀wò: fíìmù ń lọ, ohùn ń ti ara tẹlifíṣọ̀n jáde, Settings sì ń fi 1920 sí 1080 hàn. Bí fíìmù bá kọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ṣùgbọ́n tó ń lọ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ yọ HDMI, ẹ pa áàpù, ẹ tún so ó, kí ẹ tún áàpù ṣí. HDCP máa ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n tún kí ara wọn.

Ìpele keje: Ìtọ́jú díìsìkì àti dráìfù

Ibi tí wọ́n kọ fíìmù sí lára Blu-ray kò jìn ju mílímítà 0.1 lọ sí ìta, nígbà tí ti DVD jẹ́ 0.6. Wọ́n fi ohun líle bo ojú rẹ̀, síbẹ̀ ìka ọlọ́ràá àti eruku ọyẹ́ lè mú kí fíìmù dúró. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ fi omi tó mọ́ rìn díẹ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má ṣe nù ún yípo. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ ìfọyín, kẹrosíìnì tàbí epo bẹntiróòlù kàn án, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni wí nípa bí ó ṣe gba DVD òun là. Wọ́n lè ba ohun líle náà jẹ́, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń lé díìsìkì jáde kí ẹ tó yọ okùn USB. Bí iná bá lọ lójijì tí kọ̀ǹpútà sì kú, díìsìkì yóò há sínú. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ já ẹnu rẹ̀. Ẹ yọ okùn USB kúrò pátápátá, kí ẹ wá ihò kékeré tó wà níwájú dráìfù, kí ẹ na wáyà tí wọ́n fi ń so bébà pọ̀ gbọọrọ, kí ẹ fi í ti ohun tó wà nínú ihò náà jẹ́jẹ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi yọ díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ fà á jáde.